Taslim Ọláwálé Elias: Ọmọ Èkó Tó Gbèjà Òfin Àwọn Baba Wa

Láti ìgbà tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú èdè Yorùbá, tí mo sì kọjá sí ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí òfin àti àwùjọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò wa ní ẹ̀ka yìí ń bi mí: kí ló pa Yorùbá àti òfin pọ̀? Àwọn kan tilẹ̀ rò pé mo ti fi ilé sílẹ̀ lọ bá ará ìta ni. Dípò kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kọ ìtàn ọkùnrin kan síbí, nítorí ìgbésí ayé rẹ̀ ni ìdáhùn tó dára jù tí mo mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Taslim Ọláwálé Elias. Àwọn tó ń kọ́ òfin mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà ló yẹ kí a mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, àmọ́ a kì í sábà dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì wa.

Òfin méjì nínú ìlú kan

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1914 ni wọ́n bí Elias ní Èkó, ní ọdún kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Nígbà náà, Èkó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Òfin méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú náà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì wà ní ilé-ẹjọ́ ìjọba. Òfin àwọn baba wa wà ní agboolé, níbi tí olórí ẹbí ti ń pín ilẹ̀, tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà, tí wọ́n sì ti ń pín ogún.

Òfin kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1876 ló sọ bí àwọn méjèèjì yóò ṣe jọ máa gbé. Ilé-ẹjọ́ lè tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀, bí àṣà náà kò bá ti ta ko ìdájọ́ òdodo, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Bí a bá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó dùn létí. Bí a bá tún un kà, a ó bi ara wa pé: ẹ̀rí ọkàn ta ni? Adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jókòó, òṣùwọ̀n tirẹ̀ ló sì fi ń wọn ohun tí àwọn baba wa ń ṣe. Ohun tó bá bá a lára mu, ó di òfin. Èyí tí kò bá bá a lára mu, wọ́n a ní àṣà burúkú ni, wọ́n a sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Elias nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ kan tó lókìkí gan-an parí. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa ní Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà bó ṣe tọ́. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó kò gbà. Wọ́n ní àṣẹ ìṣàkóso lásán ló ní lórí ilẹ̀ náà. Ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní London, Herbert Macaulay sì bá Olóyè Olúwa rìn lọ sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1921, wọ́n dá Olúwa láre. Àwọn adájọ́ náà gbà pé kò yẹ kí a fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo ẹni tó ni ilẹ̀ ní Èkó. Ní ti àṣà ibẹ̀, àwùjọ àti ẹbí ló ni ilẹ̀; olóyè tàbí olórí ẹbí kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn ni.

Mo mẹ́nu kan ẹjọ́ yìí nítorí ohun tó fi hàn. Ohun tí gbogbo ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ láìka ìwé, àfi kí a tó gbé e wọkọ̀ ojú omi lọ sí London kí ilé-ẹjọ́ tó gbà pé òfin ni. Inú ìlú tí irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ ni Elias ti dàgbà.

Akọ̀wé Rélùwéè tó ń ka òfin

Ó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó, ó sì tún kàwé ní Igbobi College ní Yaba. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń yẹ ìwé ìṣirò owó wò, kó tó wọ Iléeṣẹ́ Rélùwéè. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló lò ní ọ́fíìsì olórí àwọn oníṣirò Rélùwéè.

Yunifásítì kankan kò sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1948 ni èyí tó wà ní Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oyè, tí kò sì lówó ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nà kan ló wà fún un: kó forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì London láti òkèèrè, kó máa dá kàwé, kó sì jókòó ṣe ìdánwò ní ilé. Ohun tí Elias ṣe nìyẹn. Ìṣirò owó Rélùwéè ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìwé òfin ni ó ń kà mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì ń kàwé pọ̀ láàárín wa, ẹ mọ bí ó ṣe rí.

Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, ó dé London, ó sì wọ University College. Láti ìgbà náà, oyè ń tẹ̀lé oyè. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú òfin ní ọdún 1946. Ní 1947 ó gba oyè kejì, wọ́n sì pè é sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní Inner Temple. Nígbà tó di 1949, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì London.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ kọ́ òfin lásìkò yẹn ló padà sílé kíákíá, wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀, owó sì ń wọlé. Kò sóhun tó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n Elias dúró ti ìwádìí. Ní 1951, ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ àti àṣà ní Nàìjíríà jáde. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ń fà lọ fà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló kó jọ sójú kan: ta ni ó ni ilẹ̀, ta ni ó lè tà á, kí ni ẹ̀tọ́ ọmọ ilé àti ti àlejò tí wọ́n fún ní ibi tí yóò dá oko sí. Láti ìgbà náà, bí lọ́yà bá dìde ní kóòtù tó ní báyìí ni àwọn baba wa ń ṣe é, ìwé ọmọ Èkó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè ṣí.

Ìbéèrè tó gbé e dé Manchester

Ní ọdún 1951 yìí kan náà, Yunifásítì Manchester gbà á láti wá ṣe ìwádìí, kó sì máa kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin àti ẹ̀kọ́ nípa ìgbé-ayé àwùjọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kan iṣẹ́ tí èmi ń ṣe. Max Gluckman ló ń darí ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ ní Manchester lásìkò náà, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń wo bí àwọn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Áfíríkà ṣe ń dá ẹjọ́ gan-an. Wọn kì í wo ohun tó wà nínú ìwé nìkan. Wọ́n ń wo ẹni tó jókòó, ẹni tó sọ̀rọ̀, àti ohun tí wọ́n fi parí ìjà. Elias wọ àárín wọn gẹ́gẹ́ bí lọ́yà tó mọ ìwé, tó tún jẹ́ ọmọ ilé.

Láti Manchester ó lọ ṣe ìwádìí ní Oxford ní 1954. Ní 1956 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò ní Yunifásítì Delhi ní Íńdíà. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù jáde, The Nature of African Customary Law.

Ìbéèrè inú ìwé náà kò gùn: ǹjẹ́ ohun tí àwọn èèyàn Áfíríkà ń tẹ̀lé kí òyìnbó tó dé, òfin ni? Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan ti sọ pé rárá. Àwọn kan ní àṣà lásán ni, pé ọmọ Áfíríkà kàn ń tẹ̀lé e bí àgùntàn, láìronú. Àwọn mìíràn ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí nínú ìwé, tí kò sì sí ọba aláṣẹ kan tó pa á láṣẹ bíi ti ilé wọn, a kò lè pè é ní òfin.

Elias mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ènìyàn bá ń tẹ̀lé àṣà láìronú, kí ni wọ́n ń ṣe ẹjọ́ sí? Ibi tí ẹjọ́ bá wà, a jẹ́ pé ẹnì kan rú nǹkan, ẹlòmíràn sì mọ̀ pé ó rú u. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ni òfin gbọ́dọ̀ wà, òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ńkọ́, tó jẹ́ pé inú àṣà àti ìdájọ́ àwọn adájọ́ ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá? Ó wo àwùjọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tó ní ọba àti àwọn tí kò ní, ó sì fi hàn pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín àìdáa tó ṣèèṣì àti èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, pé wọ́n mọ àdéhùn, pé wọ́n mọ ẹ̀tọ́ ẹbí àti ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó fi hàn pé ọba àti olóyè pàápàá wà lábẹ́ òfin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin tiwa àti tiwọn, ní èrò rẹ̀, ìyàtọ̀ ìwọ̀n ni. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n.

Èmi kò gba gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà mìíràn, ó dà bíi pé ó ń sáré láti fi hàn pé tiwa jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, bíi pé ìjọra yẹn ló máa sọ ọ́ di òfin. Ohun tó bá yàtọ̀ gedegbe náà lè jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n mo rántí àsìkò tó ń kọ̀wé. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ń jókòó ní kóòtù, àwọn ló ń pinnu bóyá ilẹ̀ bàbá ẹnì kan yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti bá wọn sọ èdè tí wọ́n gbọ́.

Ìdí-igi àti orí-ò-jorí

Kí ẹ lè rí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwa elédè, ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan. Kì í ṣe Elias ló dá a, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú ìwé rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Súbérù Dáwódù kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Báwo ni kí wọ́n pín ogún? Ìdí-igi, tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ni wọn yóò pín in sí, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan? Àbí orí-ò-jorí, tó jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba?

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìdí-igi kò bá ẹ̀rí ọkàn rere mu mọ́ láyé òde òní, pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, Privy Council sì fọwọ́ sí ìyẹn ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́, orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí ẹbí lè gbà bí ìjà bá fẹ́ tú wọn ká.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Igi ni ìyá, ẹ̀ka ni àwọn ọmọ. Orí kan kò ju òmíràn lọ. Gbogbo èrò nípa ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba wà nínú ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tó mọ èdè sì ni yóò tú u. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé n kò kúrò ní ẹ̀ka wa.

Nígbà tí ọ̀mọ̀wé di aláṣẹ

Elias kò parí ayé rẹ̀ sínú ìwé nìkan. Ó wà níbi ìpàdé London ní 1958 tí wọ́n ti ń jíròrò òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, òun ni ó di Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1963. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kìíní 1966, ipò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà síbẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún yẹn kan náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka òfin ní Yunifásítì Èkó.

Ibi tó le nínú ìtàn rẹ̀ nìyí, n kò sì fẹ́ fò ó. Ní oṣù Kẹrin 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lábẹ́ Adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sọ pé ìjọba ológun kò ní agbára láti fi òfin gba dúkìá ẹni tí wọ́n dárúkọ, torí ìdájọ́ ni ìyẹn, iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ sì ni ìdájọ́. Kò pé oṣù kan tí ìjọba gbé Dìkírì 28 jáde: ó ní ìyípadà tó ti wáyé ní 1966 ti fún àwọn ológun ní gbogbo agbára, ilé-ẹjọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ yẹ òfin wọn wò. Elias ni Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba náà. Nígbà tó di 1972, òun ni wọ́n fi rọ́pò Adémọ́lá gẹ́gẹ́ bí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà.

Ọkùnrin tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọba Áfíríkà wà lábẹ́ òfin ló jókòó nínú ìjọba tó gbé ara rẹ̀ lé orí òfin. Àwọn kan ní bí kò bá sí níbẹ̀, nǹkan ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní ọ̀mọ̀wé tó bá jẹun nídìí ìjọba, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Èmi rò pé ohun tí kíláàsì òfin àti àwùjọ ń kọ́ wa gan-an nìyí: ìwé kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àwùjọ tó ń gbé. Bí a ṣe ń bi àwọn baba ìṣáájú léèrè bí òfin wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a bi àwọn tó kọ́ wa, láìbú wọn, láìsì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn ológun náà kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Gowon lọ ní oṣù Keje 1975, ìjọba tuntun yọ Elias nípò. Ẹni tí ilé lé ni òde gbà: ọdún náà kò parí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dìbò yàn án sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní 1982, ó di ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1985. Lábẹ́ rẹ̀ ni Nicaragua, orílẹ̀-èdè kékeré kan, ti gbé Amẹ́ríkà wá sí ilé-ẹjọ́. Amẹ́ríkà ní ilé-ẹjọ́ náà kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Ní oṣù Kọkànlá 1984, ilé-ẹjọ́ ní àwọn ní àṣẹ. Nígbà tí mo kà á, Olóyè Olúwa ni mo rántí, tó gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sílé ẹjọ́ tí ó sì jàre.

Elias kú ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1991. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì tán. Láti 1978 ni òfin ìjọba ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Síbẹ̀, ẹ lọ ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹ wò ó bóyá gómìnà lẹ ó kọ́kọ́ bá. Ẹbí lẹ ó bá, àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò sì tún tọ̀ yín wá. Ìjọba Èkó ṣe òfin nítorí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016. Òwò náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin wo ló wà lórí ilẹ̀ náà gan-an? Ẹni tó bá jókòó sí láíbúrárì nìkan kò lè dáhùn, ẹni tí kò sì gbọ́ ohun tí olórí ẹbí ń sọ kò lè dáhùn.

Elias kó ohun tí ó lè rí jọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti inú ìwé àwọn òyìnbó olùwádìí àti ìwé ilé-ẹjọ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ohun tí àwa ní tí kò sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni etí tó gbọ́ Yorùbá ìpàdé ẹbí: ẹjọ́ ogún tí wọ́n ń parí ní pálọ̀ bàálé, ọ̀rọ̀ tí ìyálọ́jà fi ń dá ìjà ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé títà ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún àpilẹ̀kọ, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ ṣe lè gba ọ̀nà yìí lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ẹ wá bá mi; inú mi á dùn láti jẹ́ kí a pọ̀ sí i.